Ilé Wo Lẹ Wò?

Ọjọ́ kẹjọ ni, ní Kétu, àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
omi ṣì ń kán láti etí páànù sínú àgbá,
bàbá mi ka orúkọ mi láti inú ìwé pélébé:
Dèbórà.

Ìyá àgbà Abíọ́nà gbé ṣíbí oyin dúró lókè ètè mi.
"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé wo lẹ wò?"

Bọnifásì, àbúrò bàbá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kátíkísìmù,
nu awò ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó ní èdè Hébérù ni,
ó ní ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó kọjá Ìlárá, ó kọjá òkun,
ó gba ẹnu àwọn Faransé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.
"N kò bi ọ́ ní ọ̀nà. Ọ̀nà ni wọ́n bí èmi náà sí.
Ìtumọ̀ ni mo bi ọ́."

"Oyin ni. Kòkòrò oyin."

Ilé dákẹ́.
Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ gun igi ìrókò kan lọ́dún náà lọ́hùn-ún,
ó mú ìtùfù dání, ó mú igbá dání,
igbá nìkan ló padà wálé.

"Èyí tó ń ta, àbí èyí tó ń dùn?"

"Lọ́dọ̀ tiwọn," ni Bọnifásì wí, ohùn rẹ̀ ti kéré,
"ọ̀tọ̀ lorúkọ kòkòrò, ọ̀tọ̀ lorúkọ ohun dídùn inú rẹ̀.
Èyí tó ń ta ni."

Ìyá àgbà wo ṣíbí títí.
"Àánú wọn ṣe mí. Wọ́n la oyin sí méjì.
Ẹnu kan la fi ń pè é níbí, a sì ń gbé e mì bẹ́ẹ̀."
Ó fi kan ahọ́n mi.
Wọ́n ní mo sunkún, lẹ́yìn náà mo lá ètè mi.

Ní mẹ́rì, akọ̀wé fi lẹ́tà kan tó yadi sí ìdí orúkọ mi,
lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kì í pè.
Mo máa ń bi í pé: kí lò ń ṣọ́ níbẹ̀?

Bọnifásì tún sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà
pé àwọn kan so orúkọ náà mọ́ "ọ̀rọ̀" lédè wọn,
àmọ́ kò dá òun lójú.
Kò dá èmi náà lójú.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé oyin a máa kùn, èèyàn náà a máa kùn,
pé afárá loyin ń kọ́ sínú igi,
afárá náà la sì ń gbà sọdá omi.

Ìyá àgbà kò pè mí ní Dèbórà rí títí tó fi kú.
Oyin ló ń pè mí.
Nígbà mìíràn, á pè é bí ẹni tó ń lé nǹkan kúrò létí.

Igbá yẹn ṣì wà lára ògiri.
Lánàá mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo fi ìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀.
Ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.