Èyí Tí Ìgbálẹ̀ Mi Kò Rí

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń gbá ilẹ̀ ìjọ yìí ní Òkè-Baálẹ̀.
Mo mọ ewé máńgòrò tí yóò jábọ́ lọ́la.
Ẹ má bi mí bí inú mi ṣe rí
nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ní kí a da ìyẹ̀ pákó,
àpò méjìlélógún,
sí ojú ọ̀nà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán.

Katarína Sosófù lorúkọ rẹ̀.
Àwọn ọmọ iléèwé ń pè é ní Àńtí Kàtàkàtà.
Ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀;
nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó tún rẹ́rìn-ín.
Ọmọ Máyà ni, láti ẹ̀bá adágún kan
tí òkè mẹ́ta dúró tì bí àgbà tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń wẹ̀.
Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló wá ṣe:
kó kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, kó bá wa gbẹ́ ṣáláńgá.
Alàgbà Oyèkànmí yínmú:
“Ta ní ń wọ bàálù wá ṣiṣẹ́ tí a kò ní sanwó rẹ̀?”
Èmi náà bi í léèrè.
Ó ní ìyá òun fi ọdún méjì hun aṣọ tà kí owó ọkọ̀ tó pé.
Ó ní àwọn tó máa ń wá ṣe irú iṣẹ́ yìí ní abúlé àwọn
ń kun iléèwé kan náà lọ́dọọdún,
wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ.
Òun fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó wá.
Mo ní, “Báwo ló ṣe rí?”
Ó ní, “Ojú ń tì mí, mo sì ń jẹun púpọ̀.”

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀,
Ìyá Sàríyù aláró, tó ti ìrun ìṣáà dé,
fún un ní aró láìgba kọ́bọ̀.
Osùn la fi ṣe pupa, atalẹ̀ pupa la fi ṣe rúsúrúsú.
A kúnlẹ̀ pẹ̀lú àtùpà. Eékún mi ń ké.
Ó ya ẹja, ó ya ẹyẹ,
ó ya ṣírí àgbàdo tó gùn ju ọmọ ọdún méje lọ.
Ìyàwó katikíìsì gbé àbàrí gbígbóná wá fún wa.
Ó tú ewé rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dákẹ́.
Lẹ́yìn náà ló ní,
“Ta ló sọ̀rọ̀ ìyá mi fún un?”

Láàárọ̀ Ẹtì Rere àwọn ọmọ na Júdásì,
àkísà àti páálí,
wọ́n lù ú títí dé ojú irin rélùwéè.
Ó ní lọ́dọ̀ àwọn náà, Júdásì kì í fara ire lọ.

Aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn tó gbé àgbélébùú yọ.
Wọ́n dé etí ẹní ìyẹ̀ pákó náà, wọ́n dúró.
Kò sẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́.
Èmi tí mo ti ṣépè fún un láti ìdájí
ni mo pariwo pé, “Ẹ yà bá ẹ̀gbẹ́!”
Ó mi orí. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀:
“Ẹ tẹ̀ ẹ́. Nítorí ẹsẹ̀ la ṣe ṣe é.”

Wọ́n tẹ̀ ẹ́.
Ẹyin kan kò ní tíì jinná tí ẹja fi di eruku,
tí àgbàdo àti ẹyẹ fi di ọ̀kan náà.
“Matióṣì,” ló ń wí fún gbogbo ẹsẹ̀ tó kọjá.
Ẹ ṣeun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé gbogbo ìjọ lọ sí Gálílì.
Èmi àti ìgbálẹ̀ ló ṣẹ́ kù.
Mo gbá a, àpò mọ́kàndínlógún. Mi ò mọ ibi tí mẹ́ta wọ̀.

Ó ti lọ láti oṣù keje.
Òjò ti rọ̀, ó ti dá, ó tún ti bẹ̀rẹ̀,
aró ṣì wà nínú ibi tí sìmẹ́ńtì ti là,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.
Alàgbà Oyèkànmí fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí i:
“Kí ni eléyìí?”
Mo tẹjú mọ́ ọn dáadáa.
Mo ní, “Alàgbà, ojú mi ti ń ṣú. N kò rí nǹkan kan.”