Ìgò Méjì

Láti ọdún tí a ti ṣègbéyàwó ni Láoyè ti ń mú mi lọ Ìkọ́gòsì.
Lẹ́nu ni o.
Lẹ́nu, a ti débẹ̀ tó ìgbà mẹ́rìnlá,
a ti wẹ̀, a ti sá aṣọ, a ti padà sílé
ní Òkè-Àdó, sábẹ́ páànù tó ń jò yìí.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, iná ò sí,
ó gbé àbẹ́là ka orí àwo,
ó ṣí ìwé onílà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè:
ÌRÌN-ÀJÒ.
Ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀wé ní Sẹkitéríàtì,
ó tẹ ìrìn-àjò àwọn ọ̀gá: ọjọ́ àlọ, ọjọ́ àbọ̀,
owó oúnjẹ wọn, owó ibùsùn wọn.
Òun fúnra rẹ̀ ò kọjá Gbọ̀ngán rí.

"Aago mẹ́fà, Ìwó Róòdù. Àṣejírẹ. Ìkirè..."
"A ó ra dòdò ní Ìkirè." Èmi ni mo sọ ìyẹn.
Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. Ó kọ ọ́: dòdò.
"Gbọ̀ngán. Ifẹ̀. Iléṣà."
Ó dúró díẹ̀ ní Iléṣà, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀
bí ẹni pé orúnkún náà ni awakọ̀ tí a ní láti bẹ̀.
"Lẹ́yìn ibẹ̀, òkè ni. Èfọ̀n, òkè lórí òkè.
Ọ̀nà ibẹ̀ lọ́ bí ìfun àgùntàn."

Fátóyìnbó awọnlẹ̀ ló sọ fún un nígbà tí a ṣì lágbára
pé omi méjì ń ṣàn níbẹ̀,
ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù,
wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé.
Bí o bá na ẹsẹ̀ méjèèjì síbi ìpàdé náà,
ọ̀tún á máa lá àlá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn,
òsì á máa gbọ̀n.
Láoyè ò rí i rí. Àmọ́ ó ń sọ ọ́
bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbẹ.

A ka owó.
Èyí tí Ìbídàpọ̀ fi ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì,
owó ìfẹ̀yìntì tó kù,
owó àjọ mi, tí n kò sọ gbogbo iye rẹ̀.
A tún un kà. Owó ò bímọ.
Ó ní kí a yọ ibùsùn kúrò, kí a lọ kí a bọ̀ lọ́jọ́ kan.
Mo ní kí a yọ dòdò kúrò.
Ó ní rárá o, dòdò ti wọ fáìlì.

Ìgbà náà ló dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé,
ó mú ìgò méjì bọ̀, ó ti fi yanrìn fọ̀ wọ́n mọ́.
Ọ̀kan fún gbígbóná, ó ní, ọ̀kan fún tútù.
"Láoyè," mo ní (ọdún kan náà ni wọ́n bí wa,
orúkọ rẹ̀ ni mo ń pè é),
"kí a tó sọ̀ ní Ìwó Róòdù, méjèèjì á ti di bákan náà.
Ta ni yóò mọ èyí tó gbóná rí?"

Ó dákẹ́. Àbẹ́là ń yọ́ sórí àwo.
Ó mú bírò, ó kọ orúkọ mi sára ìgò kan,
ó kọ tirẹ̀ sára ìkejì.
Kò sọ èyí tó jẹ́ gbígbóná.
N kò bi í.

Òwúrọ̀ rèé. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí,
omi ti gba ojú títì.
Láoyè ti wọ bàtà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà,
ìgò méjì láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó ń wo òjò bí akọ̀wé tó ń dúró de ọ̀gá.
"Tó bá dá," ló wí.
Mo ti wé gèlè.
Mo gbé ike sábẹ́ ibi tó ń jò,
mo wá jókòó tì í.