Ògiri Ẹ̀yìnkùlé

Ìwọ tí o kọ́kọ́ to ògiri yìí,
n ò mọ orúkọ rẹ.
Ìwé ilé kò sọ ọ́: ọdún ló wà níbẹ̀, àti iye owó,
àti àgbélébùú kékeré tí ẹni tí kò mọ̀wé fi bọwọ́ lùwé.

Òjò oṣù Kejì ló wó o.
Kì í ṣe òjò ńlá o, òjò wínníwínní ilẹ̀ Wales,
èyí tí í rọ̀ bí ẹni ń rojọ́,
tí kì í pariwo, tí kì í sinmi.
Ilẹ̀ mọ́, mo ṣíjú wo ẹ̀yìnkùlé:
ògiri ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kábéèjì mi.
Wọ́n ní òkúta kì í kú.
Ta ló ní kì í ṣubú?

Mo pe bíríkìlà kan láti Bangor.
Ó yọ téèpù, ó wọn síbí, ó wọn sọ́hùn-ún,
ó mí kanlẹ̀ bíi dókítà tó fẹ́ sọ ohun tí kò dùn,
ó wá dá iye kan
tí owó ìfẹ̀yìntì mi gbọ́, tó sá.
Mo fún un ní tíì. Mo ní kó máa lọ ilé.

Nerys ọmọ mi figbe ta lórí fóònù:
"Màmá, ní ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin!"
Mo ní orúnkún mi ló pé mọ́kàndínláàádọ́rin,
ọwọ́ mi ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Gethin aládùúgbò mi fi àgbọ̀n lé orí ọgbà:
"Heulwen, tú gbogbo ẹ̀ dé ìpìlẹ̀.
Má lo sìmẹ́ńtì;
omi tí kò rọ́nà lọ, ìwọ ni yóò tì."
Ó padà sídìí rédíò rẹ̀.

N ò tú u dé ìpìlẹ̀.
Lọ́jọ́ kẹrin ògiri yọ ikùn bí aboyún,
lóru ó bímọ sórí koríko.
Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o;
tèmi ò tilẹ̀ dúró de ìrì.

Mo bá walẹ̀.
Nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín òkúta méjì,
mo rí ìkòkò tábà rẹ,
alámọ̀, funfun, ọrùn rẹ̀ ti kán,
ojú eyín rẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
Ṣé o gbé e síbẹ̀ kí ọwọ́ rẹ lè ráyè ni, o sì gbàgbé?
Àbí ìyàwó rẹ ló yọ lọ́ọ̀ọ́kán,
tí o sáré fi òkúta bò ó?
Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo rẹ́rìn-ín
títí Gethin fi pa rédíò.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń bi ọ́ kí n tó gbé ohunkóhun.
Òkúta kọ̀ọ̀kan ló lójú.
Yí i, tún un yí,
bó bá rí ibi tó fẹ́ máa wò, yóò jókòó.
Ọ̀kan lórí méjì, méjì lórí ọ̀kan.
Àwọn síléètì tó já bọ́ láti orí òrùlé àtijọ́
ni mo tẹ́ ṣọ̀nà dé ibi ìsáṣọ.
Bí mo bá ti tẹ ìkẹta, á sọ̀rọ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ni mo parí. Kò gún.
Gethin yí i po, ó ní, "Ó dúró."
Ládùúgbò wa, ìyìn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti dá ìkòkò rẹ padà sáàyè rẹ̀.
Mo fi kọ́kọ́rọ́ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ti ilé tí èmi àti Idwal tà ní Swansea.
Wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn yẹn.

Ihò kan ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ tí n ò há.
Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́:
aláǹgbá ò wọ́pọ̀ níbí.
Àmọ́ lálẹ́ àná, tí òjò tún ń rojọ́ rẹ̀,
ọ̀pọ̀lọ́ kan gba orí síléètì kẹta kọjá
(síléètì ò sọ̀rọ̀),
ó yíjú wo ojú fèrèsé mi,
ó fẹ̀yìn wọlé.