Ohun Tí Veneranda Jẹ

Jókòó, Gundars, ọmọ ìjọba.
Bọ́ àpò yẹn sílẹ̀, mu tíì. Ẹnu ààlà ò ní sá lọ.
Ṣé o rí igbó tó dúdú lókè yẹn? Rọ́ṣíà nìyẹn.
Adìẹ mi a máa jẹ̀ débẹ̀ tẹ́lẹ̀,
kí ẹ tó wá ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún.

O ní ìjọba Látífíà fẹ́ ṣírò ohun tí wọ́n jẹ wá.
Ó dáa, máa kọ ọ́:
màlúù kan, Zīmaļa, funfun wà níwájú orí rẹ̀,
oyún oṣù mẹ́ta wà níkùn rẹ̀.
Ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá wa. Àpò ọkà ráì mẹ́rin.
Aago ara ògiri tí kì í sọ òótọ́, kọ òun náà.
Oṣù Ẹrẹ́nà ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́,
wọ́n fún wa ní wákàtí kan ká fi di ẹrù.
Ìyá mi fi ìdajì rẹ̀ gbálẹ̀.

Donats ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi.
O ń ṣí ìwé rẹ síwá sẹ́yìn. Kò sí àyè rẹ̀ níbẹ̀, àbí?
Fi í sábẹ́ "ohun mìíràn".
Inú ọkọ̀ ojú irin ló kú sí, a ò tíì dé Omsk;
wọ́n gbé e sórí yìnyín bí ẹni gbé korobá sílẹ̀.
Àwọn ará ọ̀hún ní ó ti pẹ́, ká gbàgbé.
Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé;
ẹni tó kó o, imú rẹ̀ ṣì ń rántí.

Dúró ná, má tíì dé bíírò rẹ.
Bí ẹ bá ń lọ sin gbèsè, ẹ bá mi san tèmi.
Opó kan wà lábúlé tí wọ́n kó wa dà sí, Agrafena.
Ó wo ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ kan, kò sọ̀rọ̀,
ó wọlé, ó gbé bàtà onírun àgùntàn jáde,
bàtà ọmọ rẹ̀ tí ogun gbé lọ.
Ó fi ìka mẹ́ta gùn ju ẹsẹ̀ mi lọ.
Mo ní màá dá a padà.
Mo wọ̀ ọ́ wálé lọ́dún kẹjọ.
Kòkòrò ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Òun nìyẹn, lẹ́yìn ààrò.

Kọ ọ́: bàtà, tọ̀tún tòsì.
Veneranda ló jẹ Agrafena.
Mi ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀,
mi ò mọ iye tí wọ́n ń tà á nísinsìnyí.
Bí wọ́n bá sanwó màlúù, ẹ yọ tirẹ̀ níbẹ̀.
Bí wọn ò bá sì san,
mo ṣì jẹ ẹ́.

Mu tíì rẹ. Ó ti tutù.