Yàrá Tí Mo Tì Pa

Màmá mi kì í fi ibi tí olú gbé hù han ènìyàn.
Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti wẹ ojú ewé kajú mọ́,
a ó jí kí àkùkọ tó rántí ohùn rẹ̀,
a ó gba ẹ̀yìn Ìjẹ̀rù lọ, a ó gba ibòmíràn bọ̀,
kí ẹlẹ́nu má baà to ipasẹ̀ wa dé ìdí ọ̀gán.
"Níbo lo ti rí i, Àwẹ̀ró?"
"Ilẹ̀ ni."
Ilẹ̀ ni, ìyẹn nìkan.
Ó mú ilẹ̀ ọ̀hún lọ sọ́run.

Ògbómọ̀ṣọ́ ti fẹ̀, wọ́n ti kọ́lé lé ọ̀gán náà lórí.
Búlọ́ọ̀kù ni. Páànù pupa.
Èmi náà ti di ẹni tí orúnkún ń ké kó tó dìde,
ni Tinúadé, ọmọ ọmọ mi, bá gbé ìgò kan dé láti Yunifásítì,
ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀, òwú funfun bò ó
bí irun orí mi.
"Màmá àgbà, irúgbìn olú rèé."
Mo ní irú ayé wo la dé yìí,
tí olú fi di ohun tí à ń gbìn bí ẹ̀gẹ́?

Àmọ́ mo lọ. Mo lọ sí ilé ìlagi,
mo ru ìyẹ̀ igi àpò méjì, ọ̀fẹ́ ni.
Wọ́n ń rẹ́rìn-ín: ìyá yìí fẹ́ fi igi tẹ ẹ̀bà.
Mo bu èèrí ògì tó yẹ kí ewúrẹ́ jẹ mọ́ ọn,
ẹfun ṣíbí mẹ́ta, omi.
Mo fún un lọ́wọ́, ẹ̀kán kan ṣoṣo ni kó jáde:
bó bá ṣàn, omi pọ̀; bí kò bá kán rárá, omi kò tó.
Mo dì í sínú ọ̀rá, mo sè é nínú dúrọ́ọ̀mù
láti ìrọ̀lẹ́ títí àdán fi jẹ máńgòrò yó.

Àkọ́kọ́ bu.
Ó bu, ó di àwọ̀ ewé, ó ń rùn,
mo sì bú Tinúadé ju bó ṣe yẹ lọ.
"Ọwọ́ yín ni, Màmá. Ẹ kò fọ ọwọ́."
Ọwọ́ tó gbẹ̀bí ìyá rẹ̀!
Mo fọ ọwọ́.

Yàrá tí ọkọ mi ń kó iṣu sí
ni mo so ti ẹlẹ́ẹ̀kejì rọ̀ sí, ọ̀rá mẹ́rìnlélógún.
Mo fi àpò dí fèrèsé, mo ti ìlẹ̀kùn pa.
Láàárọ̀, mo wọlé tèmi ti abọ́ omi.
Lálẹ́, mo wọlé tèmi ti abọ́ omi.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ màmá mi ni.

Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ mi.
Wọ́n ní nǹkan funfun ń rọ̀ nínú òkùnkùn.
Wọ́n ní kí ni opó ń fún lómi lóru?
Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọdẹ àdúgbò mẹ́ta dé
pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ìbọn ṣakabùlà,
Bàbá Oyèdòkun ló ṣáájú wọn, ó ń ka Sáàmù.

Mo ṣí i.

Àṣé òru yẹn gan-an ni wọ́n yàn.
Wọ́n ti la ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá jáde,
wọ́n gun ara wọn lé bí etí ọmọ tí ń yọ́ ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́,
funfun, tútù, ìdì ìdì,
olú tí kò ní ìlú, gbogbo wọn dé fìlà.
Sáàmù dá sí méjì lẹ́nu Bàbá Oyèdòkun.
Ọdẹ kan gbé ìbọn rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni bọ́ bàtà.
"Olú ni," ó ní. "Olú mà ni."

Mo já fún wọn sínú ewé kókò, kálukú gba tirẹ̀.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo Akátá ti mọ ibi tí olú mi gbé hù.
Màmá, ẹ foríjì mí.

Mo sè é: ata díẹ̀, iyọ̀, epo.
Ó dùn.
Kì í ṣe olú ọ̀gán o. Kò ní nǹkan kan tí ilẹ̀ máa ń fi sí i,
òórùn àárọ̀ kan tí ènìyàn méjì péré mọ̀.
Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá àwo,
mo gbé abọ́ omi, mo padà sí yàrá.
Ìlẹ̀kùn rẹ̀, n kò tì í mọ́.