Àtúnṣà

Ọjọ́ Ẹtì ni, ní Ṣàgámù, òjò kò tíì dá.
Mo jókòó sẹ́yìn ilé pẹ̀lú agbọ̀n gbànja mẹ́ta.
Wọn ò tíì jẹ́ kí apá òsì mi gbé ẹrù,
ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń ṣà.

Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí abẹ kan ọmú mi.
Kókó tí wọ́n yọ kò ju hóró ẹ̀wà lọ.
Wọ́n fi òwú rán ojú rẹ̀ pa,
ó gún régé ju ìránṣọ Odùnọ́lá àbúrò mi lọ,
Odùnọ́lá tó fọdún mẹ́fà kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Wọ́n ní abẹ́ abíyá mọ́,
wọ́n ní etí ibi tí wọ́n gé mọ́.
Mo ní, “Ẹ ṣeun. Ó tán nìyẹn.”
Dókítà Ṣówẹ̀mímọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.
Mo mọ̀ pé kò tán.

“Ìyá, ó ku ìtànṣán.
Iná tí ẹ ò ní í fojú rí,
tí ẹ ò ní í mọ ìgbóná rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọlé.
Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìbàdàn.
Bí ẹ ò bá ṣe é, nínú obìnrin mẹ́wàá bíi tiyín,
ó lè padà sára ẹnì kan.
Bí ẹ bá ṣe é, nínú àádọ́ta la ó ti máa wá ẹni náà.
N kò ní í fipá mú yín. Ẹ lọ rò ó.”

Mo rò ó. Mo rò ó lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì,
mo rò ó nígbà tí mo ń fọ ìkòkò.
Ẹnì kan nínú mẹ́wàá, ta ni?
Ṣé kò lórúkọ ni?
Mojúbàolú ọmọ mi pè: “Ẹ lọ, Màámi, màá san án.”
Odùnọ́lá ní kí n má dán an wò,
ó ní ìyàwó ẹnì kan ní Màkún lọ,
àyà rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
ó sì dé ibẹ̀ nígbà méjì, ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́.
Lílọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bíbọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Ta ni yóò máa pààrọ̀ ewé obì?

Ọwọ́ mi bá ọ̀kan tó nihò. Mo sọ ọ́ sínú koríko.
Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé,
ẹnikẹ́ni ò rán an wá.

Dánládì dé, omi òjò ń kán létí fìlà rẹ̀.
Ó ti ń rà lọ́wọ́ mi láti ogún ọdún ó lé.
Mo ní, “Bí o bá yọ ọ̀kan tó nihò nínú agbọ̀n,
ṣé o tún máa ń tú ìyókù ṣà?”
Kò yára fèsì. Ó jẹ obì díẹ̀.
“Ó dọwọ́ ibi tó ń lọ.
Bó bá jẹ́ Sábó níbí ni mo ti fẹ́ tà á lọ́la, mo fi sílẹ̀.
Bó bá jẹ́ Ṣókótó, ọ̀nà jìn, ooru pọ̀.
Èyí tójú mi ò rí lè jẹ agbọ̀n tán kó tó débẹ̀.”
Ó sanwó, ó lọ. Kò mọ ohun tó sọ.

Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo wà.
Ta ló lè sọ fún mi: Sábó ni, àbí Ṣókótó?
Ìyá mi, Efúnwálé, kú lẹ́ni mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.
Ọ̀sẹ̀ tó kú gan-an ló bú mi
pé n kò mọ obì í ṣà.

Mo da agbọ̀n sílẹ̀ lórí ẹní,
mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun,
mò ń yí wọn sí ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ẹ̀rù iná tí a kì í rí ṣì ń bà mí.
Nírọ̀lẹ́ mo pe Mojúbàolú:
“Owó ọkọ̀ ni kóo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.
Má sọ fún Odùnọ́lá títí n ó fi lọ.”
Ó fẹ́ máa sunkún. Mo pa fóònù.
Agbọ̀n méjì ṣì kù.