Òwú Là

Mo gbé orí òwú kan lé tábìlì.
Ó là sí mẹ́rin, funfun inú rẹ̀ ń tú jáde
bí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò lè pa àṣírí mọ́.
Oṣù kọkànlá ni, ní Yavatmal, nílẹ̀ dúdú,
ilẹ̀ tí ń sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ arúgbó lẹ́ẹ̀rùn.
Ọmọ méjìdínlógójì ló wà nínú ìwé orúkọ mi.
Mọ́kàndínlógún ló wà lórí ẹní.
Àwọn yòókù wà lóko,
wọ́n ń fọwọ́ ká ohun tí mo fẹ́ fẹnu kọ́ wọn.

Ìwé ìjọba ní kí n wí pé
òwú ni òpómúléró ọrọ̀ ajé agbègbè wa.
Mo kọ ọ́ sára pátákó.
Ṣọ́ọ̀kì dá mọ́ mi lọ́wọ́ níbi "ajé".
Wọ́n dà á kọ. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Ni mo bá yọ òwú ìránṣọ nínú báàgì mi,
òwú kan náà: òwú inú oko, òwú ojú abẹ́rẹ́.
Mo ní, Gajanan, ìwọ ni oníkóró, di etí rẹ̀ mú.
Ìwọ ni àgbẹ̀.
Ìwọ lo ni kẹ̀kẹ́ ẹrù àti akọ màlúù méjì.
Devrao, ìwọ lo ni ẹ̀rọ tí ń yọ kóró lára òwú
(kíá ló ti tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe).
Ìwọ ń fún òróró lára kóró náà.
Ìwọ ń fi ìyókù rẹ̀ bọ́ ẹfọ̀n tí a ń mu wàrà rẹ̀.
Ìwọ ń ta tíì lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́.
Ìwọ ni télọ̀. Ìwọ tó ń sùn, ìwọ ni olówó èlé;
olówó èlé kì í sùn, dìde.
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.
Òwú ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yàrá fi di àwọ̀n,
èmi náà há sáàárín rẹ̀,
torí owó orí ọjà yẹn wà nínú owó oṣù mi.

Mo ní, Gajanan, fà á díẹ̀.
Ta ló mọ̀ ọ́n lára?
"Gbogbo wa!"
Inú mi dùn. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Shevanta yọ lẹ́nu ọ̀nà.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò ti wá.
Èèpo òwú ti ya ìka rẹ̀ yánnayànna,
èèpo òwú kò mọ ọmọdé.
Ó wo igun pátákó, níbi tí mo kọ ọ́ sí pé
ọgọ́rùn-ún kílò ni kúíńtáàlì kan.
"Tísà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.
Ọgọ́rùn-ún ó lé méjì ni.
Wọ́n á yọ kílò méjì nídìí ìwọ̀n, wọ́n á ní ti omi ni,
bí oòrùn tilẹ̀ ti lá a gbẹ láti ìjẹta."
Kò bínú. Ó sọ ọ́
bí ẹni ń sọ àkókò tí bọ́ọ̀sì ń dé.
Mo mú àkísà, mo pa ọgọ́rùn-ún rẹ́.

Ó tún wo àwọ̀n náà yíká, ó wo ọwọ́ gbogbo wọn.
"Èmi ńkọ́? Kí ni kí n jẹ́?"

Mo ti pín gbogbo ayé tán,
mo ti fún olówó èlé pàápàá ní ààyè.
N kò fi ẹnì kankan ká òwú.

Òwú là lórí tábìlì níwájú mi.
Òwú là lóko, ó là nínú àpò, ó là nínú ẹ̀rọ.
Ta ló tún là?
N kò bi wọ́n. Kò sí nínú ìwé ìjọba.

Agogo lù. Òwú ti lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga, mọ́ ọrùn Devrao,
gbogbo wa ń tú u, ó ń le sí i.
Shevanta kúnlẹ̀ sáàárín yàrá,
ìka gbígbẹ méjì,
òun nìkan ló rí etí rẹ̀.